Bátìrì Nínú Oòrùn

Ògòtún, kí iná tó dé àdúgbò wa,
kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ pé afẹ́fẹ́ lè gbé lẹ́tà,
ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń la eéran,
ó ń hun ẹní tí a ò gbọdọ̀ sùn lé.
Ẹní títà ni.
Tiwa ni èyí tó ti ya létí,
tó máa ń fa ìlà sí wa lẹ́rẹ̀kẹ́ kílẹ̀ tó mọ́,
tí olùkọ́ fi bi Bọ̀sẹ̀dé pé ta ló kọ ọ́ nílà lóru.

Ajéwọlé ni wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n mi.
Ajé gbọ́ orúkọ náà, ó yà sílé kejì.

Ilé kejì, ilé Fálúyì awakọ̀,
tẹlifíṣàn kan, bátìrì mọ́tò ló ń gbé e.
Garawa omi kọ̀ọ̀kan ni owó ìwọlé,
láti odò dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀,
omi á sì ti dà dé ìdajì ká tó gun òkè náà tán.
Ogún ọmọ nílẹ̀, pẹ̀lú òórùn ẹsẹ̀ wa.
Òjò ń rọ̀ nínú àwòrán,
Ìlésanmí wà lórí òrùlé, ó di ọ̀pá eriali mú.
"Ó ti dáa?" "Rárá!"
"Ó ti dáa?" "Ó dáa! Má mira!"
Ìlésanmí gbọ́ gbogbo eré ọdún yẹn.
Kò rí ọ̀kan.

Rédíò tiwa, rọ́bà la fi dè é níkùn.
Tí ohùn rẹ̀ bá ti ń fà bíi tẹni tó ń tòògbé,
ìyá mi á yọ bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,
á tẹ́ wọn sórí páànù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata tó ń gbẹ,
kí wọ́n yá oòrùn.
Á máa yí wọn bí ẹni ń yí ẹja.
Lálẹ́, a ó gbọ́ ìròyìn dé ìdajì.
Ìdajì yòókù, òun ló ń parí rẹ̀ fún wa:
nínú ìròyìn tirẹ̀, gààrí máa ń wọ́n sílẹ̀,
wọ́n máa ń san owó àwọn olùkọ́,
òjò tó gba òrùlé wa lọ
máa ń bẹ̀bẹ̀.

N ò ní purọ́. Ebi ò dùn.
Ọjọ́ tí wọ́n lé mi nílé ìwé torí owó,
abẹ́ igi ọsàn ni mo jókòó sí di aago méjì
kí ìyá mi má baà mọ̀.
Ó mọ̀. Kò wí nǹkan kan.
Ó ta ẹní kan lówó tí kò tó owó ẹní.

Nígbà tí Ajéwọlé lọ sí Kàdúná,
lẹ́tà rẹ̀ lo oṣù méjì lọ́nà.
A kà á títí ojú ìṣẹ́po rẹ̀ fi já.
Ìyá mi ò mọ̀wé,
ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí "mò ń jẹun dáadáa" wà.
Á fi ìka tẹ̀ ẹ́: "Tún ibẹ̀ yẹn kà."

Báyìí, ojoojúmọ́ ni Ajéwọlé ń pè mí.
Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ẹnikẹ́ni ò gun òrùlé.
"Ṣé ò ń gbọ́ mi?" "Mò ń gbọ́ ẹ."
Lẹ́yìn náà, kálukú ń wo ibòmíì.
Mo kọ ọ́ sí i pé ó yẹ ká lọ sí ulé.
Fóònù fa ìlà pupa sábẹ́ "ulé",
ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò sí.

Lánàá, fóònù náà kú.
N ò mọ ìgbà tí mo gbé e sójú fèrèsé,
síbi tí oòrùn ti ń wọlé.
Ọmọ mi ní, "Dádì, ooru máa bà á jẹ́."
Mo ní mo mọ̀.
Mo na ọwọ́,
mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì.